Nígbà Tí Wọ́n Fi Mí Sí Àáró

Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá ti gba ojú ọ̀nà Ẹ̀rúwà wọ Igbó-Ọrà rí nígbà tí bàrà ẹ̀gúsí bá ń jẹrà lóko, o kò ní í bi mí léèrè òórùn tí mò ń sọ. Wọn á kó bàrà jọ gègèrè sáàárín oko, wọn á fi kùmọ̀ fọ́ ọ, wọn á sì fi í sílẹ̀ kí ó rà kí wọ́n tó fọ hóró inú rẹ̀ jáde. Kò ní í pẹ́ tí òórùn kíkan náà á fi gba gbogbo ìlú, á wọ inú aṣọ, á wọ inú irun. Ọmọ Ẹ̀rúwà ni mí, ẹ̀gúsí kì í ṣe àjèjì sí mi, síbẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, gèlè ni mo fi ń bo imú. Àwọn ìyàwó ilé a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyàwó, ohun tó ń rùn yìí náà ni wàá fi se ọbẹ̀ lọ́la, tí wàá tún máa lá ọwọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó mọ́ mi lára nígbà tó yá. Àmọ́ láti ọdún tí mo gbé ọkọ mi wálé láti Ìbàdàn lásìkò bàrà, n kò lè gbọ́ òórùn yẹn mọ́ kí àyà mi má já.

Awakọ̀ ni ọkọ mi. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ó ń kó gàrí àti láfún àti ẹ̀gúsí láti Igbó-Ọrà, láti Tápà, láti gbogbo ọjà Ìbàràpá lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì tún ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti ìrìn àjò dé, láti ìkóríta ni yóò ti máa fọn fèrè ọkọ̀, gbogbo agboolé á mọ̀ pé Bàbá Ìbejì ti dé. Má rò pé mò ń fi ìbejì yangàn o. Ní Igbó-Ọrà, bí o bá dúró láàárín ọjà tí o pe "Ìyá Ìbejì," àwọn tí yóò dá ọ lóhùn á pọ̀ débi pé wàá gbàgbé ẹni tí ò ń wá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn ìbejì wa ti wà ní yunifásítì ní Ìlọrin, ó ku èmi àti òun nílé. Èmi ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun wà lójú títì.

Ibi tó ti ń já ẹrù ní Ìbàdàn ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan la lò ní ọsibítù kí wọ́n tó ní kí a máa lọ sílé, pé ìtọ́jú tó kù, ti sùúrù ni. Ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní í wọ Igbó-Ọrà lójú ọ̀sán. A dúró títí oòrùn fi wọ̀ kí a tó gbéra. Nínú mọ́tò, ó fi ọwọ́ òsì di ìró mi mú, mo sì ní láti gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohun tó ń wí. "Sọ fún wọn pé mo rìnrìn àjò." Ohun tó sọ nìyẹn, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dá a lójú pé mo gbọ́.

O mọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe é nílé wa. Àìsàn kì í ṣe ohun tí à ń gbé síta. Wọn á ní bí ayé bá mọ ibi tó ń dùn ẹni, ibẹ̀ gan-an ni wọn á tún tẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọkọ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tá. Ojú ló ń tì í. Ọkùnrin tó ń fi ohùn rẹ̀ kún ilé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí itọ́ tó ń ṣàn lẹ́bàá ẹnu òun. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju kí n já a ní irọ́ lọ. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé ó wà lọ́nà. Wọn á ní, "Ìyá Ìbejì, ará ọ̀nà ńkọ́?" Màá ní, "Ó wà." "Ṣé kò ní í pẹ́ dé?" "Ó ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ rẹ̀ ń kọjá níwájú ilé, awakọ̀ mìíràn ló ń wà á, gbogbo ayé ń rí i. Kò sẹ́ni tó bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ayé mi ìgbà yẹn, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wẹ̀ ẹ́, mo ti yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dá egbò, mo ti fi ṣíbí fún un ní ògì. Màá ti fèrèsé, màá fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn, màá forí lé ilé ìwé. Tí àwọn ọmọ bá jáde lọ ṣeré lọ́sàn-án, èmi á ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ilé, kí n pààrọ̀ aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí n tún yí i, kí n fún un lómi, kí n tún sáré padà síwájú pátákó. Tí mo bá fẹ́ sunkún, balùwẹ̀ ni mò ń lọ, màá máa da omi sílẹ̀ wàà-wàà kí ó má baà gbọ́. Nígbà tí orí fífọ́ kò jẹ́ n gbádùn mọ́, mo yà sí ibùdó ìlera wa. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ru jù. Ẹ lo oògùn yìí, kí ẹ sì máa sinmi." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi kọ ìsinmi náà síwèé, kí n lọ rà á." Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá ẹni tí yóò máa ràn mí lọ́wọ́. Mo dúpẹ́, mo gba oògùn, mo sáré lọ sílé lọ yí ọkọ mi padà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti fi òwe yẹn kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi tó, àmọ́ n kò mọ̀ pé èmi gan-an ló ń bá wí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà, oorun sì gbé mi lọ. N kò mọ ìgbà tó gbé mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọlọ́kadà yà wọ ọ̀nà agboolé wa, èmi sì ṣubú sílẹ̀ gbìì. Orúnkún mi bó, ọrùn ọwọ́ mi wú lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́kadà ń pariwo, "Yéè! Mo gbé o! Màmá, ṣé kò sí?" Ariwo rẹ̀ ló mú ìyálé mi jáde. Òun ni ìyàwó tó dàgbà jù nínú agboolé wa, opó ni, oníṣàngó tòótọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ti wà nílé yìí kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Ó fà mí dìde, ó gbọn eruku ara mi, ó tì mí lẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà mi. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣeun, ó ti tó."

Ó ní, "Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá. Màá ṣí i."

"Ọwọ́ wo lo fẹ́ fi ṣí i?"

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé lọ tààrà, èmi ń tẹ̀ lé e. Ọkọ mi rí i, ó fẹ́ fi aṣọ bo ojú, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò tètè ṣe é. O mọ̀ pé àwọn ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tí wọ́n bá nílé lórúkọ. Orúkọ tí ìyálé ti sọ ọ́ láti kékeré ni Adúmáadán, nítorí bí ó ṣe dú tó ń dán. Ìyálé kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, bí àwọn ìyàwó ṣe ń kí ọkọ. Ó ní, "Adúmáadán, ọkọ mi, kú àbọ̀ o. O kú ewu ọ̀nà. Ọ̀nà yìí mà jìn o!"

Ọkọ mi bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn, ọ̀rẹ́ mi, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àgbà rí. Ìyálé kò sọ fún un pé kí ó dákẹ́. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó nu omi ojú rẹ̀, ó wá ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé la ti mọ̀. A gbọ́ ìró mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní o wà lọ́nà, làwa náà bá ní kí a dúró dè ọ́ títí wàá fi dé." Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà, mo gbé orí lé ògiri, mo sunkún sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti kúrò ní Ìbàdàn.

Ní àsìkò bàrà, àwọn obìnrin agboolé wa máa ń ṣe àáró. Wọn á kó ara wọn lọ sí oko ẹnì kan lónìí, wọn á lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n bá ṣe tirẹ̀ fún gbọ́dọ̀ san án. Ẹni tí kò bá san án, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Èmi kò bá wọn ṣe é rí, ṣọ́ọ̀kì ni mò ń dì mú, n kò di ọkọ́ mú. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí ìyálé wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, tó gbé àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀ kalẹ̀, tó ní, "Ìyàwó, a ti fi ọ́ sí àáró."

"Àáró kẹ̀? Ìyá, n kò lóko."

"Àbí oko lásán ni ọkọ wa tó dùbúlẹ̀ yìí? Ẹnì kan á máa jókòó tì í láàárọ̀ tí o bá wà nílé ìwé, ẹlòmíràn á máa gbà á tí o bá dé."

"Kí ni mo fẹ́ fi san án?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó béèrè ohun tí kò kàn án. "Wàá san án. Ilé wo ni àìsàn kì í wọ̀? Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí, ìyàwó. Lọ sùn."

Ọkọ mi kò kọ́kọ́ gbà. Bí èyí tó kàn bá ti gbé àtẹ rẹ̀ wọlé, á kọjú sí ògiri. Wọn kò bínú. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlú, ta ló bímọ, ta ló fẹ́yàwó, ewúrẹ́ ta ló jẹ láfún ta. Ọ̀kan nínú wọn tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ló sọ lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yìn yín la wá ń wò níbí ni? Ẹ̀yìn náà ò tiẹ̀ lẹ́wà." Mo gbọ́ ohùn kan láti yàrá kejì. Àṣé ọkọ mi ló ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọjú sí wọn. Ìyálé tún bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀gúsí kan sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ní kí ó bá òun bó o. Ó fi ìbínú gbá a dànù. Ìyálé ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún kó o síbẹ̀. Ó ṣe bíi ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó bó ẹyọ kan, ó sì ti fọ́ wúruwùru kí ó tó jáde nínú èèpo. Ìyálé jù ú sẹ́nu, ó ní, "Ó dùn."

Àti èmi? Oorun ni mo sùn. Màá fẹ́ kí o gbọ́ ọ dáadáa, nítorí àwọn èèyàn máa ń retí pé màá sọ nǹkan ńlá tí wọ́n bá bi mí pé kí ló mú mi la ìgbà yẹn já. Oorun ọ̀sán ni. Mo kọ́kọ́ fẹ́ máa fi àkókò náà fọ aṣọ, ìyálé gba ike lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ gbálẹ̀, ó gba ọwọ̀. "Kì í ṣe torí kí o lè fọṣọ la ṣe wá jókòó." Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sùn tó oorun, nígbà tí mo jí, oòrùn ti rọ̀, n kò mọ̀ bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́, ìlà ẹní ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, inú mi sì fúyẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn nǹkan kéékèèké. Mo rántí pé mo fẹ́ràn kí n máa mu ọsàn lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Mo ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ láìsáré. Nígbà tí mo padà sí ibùdó ìlera, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó bi mí pé, "Níbo lẹ ti rí ìsinmi rà?" Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, ọkọ mi wò mí títí, ó gbìyànjú, ó tún gbìyànjú, ó wá pe oríkì mi já. Ó mọ́ ketekete. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn. Mo sọ fún ara mi pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, pé ọkọ mi á tún fọn fèrè láti ìkóríta.

Kò fọn ọ́n mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ tún padà dé, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lè jẹun tó mọ́, a lọ sí ọsibítù, a bọ̀. Ìyálé ń sọ pé, "Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú," ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà ń wo ohun tí mò ń wò.

Ìyálé ni àáró kàn lọ́jọ́ tí ọkọ mi lọ. Mo ti ilé ìwé dé, mo bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ òsì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo bọ́ sí yàrá kejì, mo sùn. Oorun náà dùn, kí n má purọ́ fún ọ. N kò lálàá kankan. Nígbà tí mo jí, mo na ara, mo wẹ ojú, mo tiẹ̀ ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́lẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀. Ìyálé jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ibùsùn, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú. Ó ti bá a pa ojú dé. Ó ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ, ó ti fi aṣọ funfun bò ó dé àyà.

Mo ní, "Ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Ẹ kò sì jí mi?"

Ó ní, "Mo wá wò ọ́. Ò ń sùn bí ọmọ ọwọ́. Mo ní kí o sùn ún tán. Ẹkún ò ní í sá lọ."

Ọ̀rẹ́ mi, inú bí mi débi pé n kò mọ ohun tí mo sọ sí àgbàlagbà náà. Ọkọ mi kú, mò ń sùn! Mo jí, mò ń kọrin! Ta ló fún un láṣẹ kí ó dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pinnu fún mi? Àwọn èèyàn mi tó wá láti Ẹ̀rúwà síbi ìsìnkú náà gbà pé ìyálé ṣẹ̀ mí. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i torí ojú ayé, ṣùgbọ́n n kì í jókòó tì í mọ́. Òun kò sì wá ṣàlàyé ara rẹ̀ lọ́dọ̀ mi rí. Bí mo bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, oorun á kọ̀, nítorí ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá jí, ẹnì kan tún ti lọ.

Àsìkò bàrà kọjá, àáró wá kàn mí láti san. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ yẹn ni ìyá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ nílé, tí itan rẹ̀ dá, tí kò lè dìde. Mo lọ jókòó ti ìyá náà lẹ́yìn ilé ìwé, ọmọ rẹ̀ sì na ara sórí ẹní nínú palọ̀, ó sùn lọ, ẹnu tó mú náà là sílẹ̀, ó ń hanrun. Kò pẹ́ sí i ni àbúrò ọkọ rẹ̀ kan wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, ọkọ obìnrin náà, ti ní ìjàǹbá lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lórí fóònù ni, pé ó ti lọ. Ó fẹ́ ké pè é. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. A wo obìnrin yẹn, àwa méjèèjì. Ó gbé ọwọ́ kan sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀ pátápátá. Mo ní, "Jókòó, àbúrò. Jẹ́ kí ó sùn díẹ̀ sí i." Ó jókòó, ó ki orí bọ àárín orúnkún. N kò jókòó níbi tó nira tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ìgbà tí obìnrin náà jí fúnra rẹ̀ la tó sọ fún un. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn. N kò dé ilé mi, ọ̀dọ̀ ìyálé ni mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo gbé orí lé itan rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣeun." Kò béèrè ohun tí mò ń dúpẹ́ fún. Ó ń fi ọwọ́ pa mí lórí títí ilẹ̀ fi ṣú tán. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àwọn obìnrin agboolé wa bá mi gbé ẹrù mi, mo sì máa ń gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ kan yẹn, kò sẹ́ni tó bá mi gbé e. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi sùn, kò sí opó tuntun kankan nínú ilé wa, mo lọ́kọ, mo sì ń sinmi. Ìyálé nìkan ló mọ̀. Òun nìkan ló rù ú, títí mo fi jí.